Ìdí Tí Ilé Wa Kì Í Fi Sáré

Etí Odò, lẹ́yìn Pọ́ọ̀tù,
Warri.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀.

Ìtùnú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé Èkó tó máa ń jí yín kí àkùkọ tó jí ń fojú rere wò ọ́? Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, ara wa le, omi odò kò sì tíì wọ inú ilé lọ́dún yìí, nítorí náà a ní ọpẹ́ láti dá. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun kí ọ, kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ó ní tí mo bá ti mú bírò dání n kì í rántí pé mo níyàwó. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ó sì dúró lẹ́yìn mi láti rí i pé mo kọ ọ́. Ọlọ́run tó di Pétérù lọ́wọ́ mú lórí omi yóò di ìwọ náà mú lórí ọ̀dà títì, ẹsẹ̀ rẹ kò ní í gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń sunkún. Àmín.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí á yà ọ́ lẹ́nu, torí pé gbogbo ọjọ́ Àìkú ni a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Èyí tí o rà fún mi yẹn ń pariwo ju ẹnu mi lọ, tí o bá sọ̀rọ̀ ní Èkó, gbogbo àgbàlá wa ló ń dáhùn. Mo bá ra ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, mo ń kọ ọ́ síbẹ̀. Tí mo bá parí, Peculiar á ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù. Peculiar ni ìyàwó Ṣẹ́gun tó ń gbé yàrá kejì sí wa, obìnrin tó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé ẹrù ní Pọ́ọ̀tù. Warri ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ kò lè kà á, nítorí náà ọ̀rọ̀ wa á gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú àwọ̀n kọjá.

Mo gbọ́ ohun tí o béèrè. O ní láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni o ti ń múra fún eré ìje ńlá tí wọ́n ń sá ní Èkó, kílómítà méjìlélógójì, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. O ní gbogbo ìgbà tí o bá ti sá a dé kílómítà ọgbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ á dúró, bí ìgbà tí ẹnìkan so okùn mọ́ ọn tó sì ń fà á sẹ́yìn. Olùkọ́ tó ń kọ́ yín ní eré ní oúnjẹ ni o kì í jẹ tó, àmọ́ ìwọ ní èèwọ̀ ilé wa ni, torí a kì í sáré ní ìdílé wa. O ní o ti rò pé Onígbàgbọ́ kò ní í fi ti èèwọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà ọ́ báyìí, kí n jọ̀wọ́ bi àwọn àgbà ní ìlú bàbá wa létí òkun léèrè ohun tí wọ́n fi ń tú èèwọ̀ náà kí ọjọ́ eré tó kò. Mo ti gbọ́, ọmọ mi, màá sì dáhùn nínú lẹ́tà yìí kan náà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ní àwọn nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí ìwọ náà mọ̀ mí, bí n kò bá tíì mọ ìdí nǹkan, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Èkíní ni pé, kí ló ń lé yín? Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Mo wo fọ́tò eré ti ọdún tó kọjá tí o fi ránṣẹ́, èèyàn kún títì bámúbámú, gbogbo wọn ń sá. Mo wo iwájú wọn, n kò rí ohun tí wọ́n ń lé. Mo wo ẹ̀yìn wọn, n kò rí ohun tó ń lé wọn. Ìyá rẹ ní bóyá òjò ló ṣú. Peculiar ní, “Papa, nothing dey pursue dem o, na dia body dem dey find.” Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí ẹ̀kọ mi fi tutù, torí pé ara tó wà lọ́rùn èèyàn, kí ló tún ń wá a lọ sójú títì fún?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. O ní o ti kọ nọ́ńbà mi sínú fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé èmi ni o mú nínú gbogbo ayé. Nígbà tí mo jẹun tán ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ni nǹkan ọ̀hún tó máa ṣẹlẹ̀? Tó bá sì ṣẹlẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n wá pe èmi ní Warri, kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe sí i láti ibi tí mo jókòó sí? Bá mi sọ fún wọn pé bí o bá ṣubú, kí wọ́n kọ́kọ́ bu omi tútù sí ọ lórí, kí wọ́n tó máa wá nọ́ńbà mi kiri. Peculiar tún ka ibì kan fún mi nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣe ọ́, kò kan àwọn, o sì fọwọ́ sí i! Ìtùnú, láti ọjọ́ tí mo ti ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, n kò tíì gbẹ́ ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí n ní bó bá rì kò kàn mí. Mo máa ń jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó rà á, a ó jọ gbé e dé àárín odò, bó bá máa rì, kó rì mọ́ àwa méjèèjì lẹ́sẹ̀.

Ti nọ́ńbà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọ láyà pẹ̀lú ń kọ mí lóminú. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Mo bi Peculiar pé ṣé wọ́n ti pín ipò fún yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, n kò sì rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bí èèyàn bá lọ sí ọsibítù, nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un ni wọ́n máa fi pè é wọlé. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o tètè lọ bá akọ̀wé wọn, kí o kí i dáadáa, kí o ní bàbá rẹ ní kó bá òun yí i padà sí èyí tó wà nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́. Wọ́n sì ní o sanwó kí wọ́n tó fún ọ ní nọ́ńbà náà. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí a bá ń fi ọkọ̀ díje lórí odò níbí, wọ́n máa ń bọ́ wa yó ni, wọ́n á tún rán aṣọ fún wa. Ìwọ sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kí o jìyà.

Mo tún rí àwòrán tí aago ọwọ́ rẹ yà, ìlà pupa tó fi gbogbo ibi tí o sá dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta hàn. Mo gbé ìka lé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ lé ìlà náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, mo gba orí afárá, mo yí, mo yí, àfi bí mo ṣe bá ìka mi níbi tí mo ti gbé e sí. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, o wá padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ. Ìyá rẹ ní bóyá ohun tí o lọ wá ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mò ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀, mo ní kí n fojú ara mi rí bí kílómítà méjìlélógójì ṣe gùn tó. Lórí omi, kò sí ọ̀nà tí n kò mọ̀, àmọ́ a kì í ka kílómítà lórí omi, bí apá ṣe ń ro wá tó ni a fi ń mọ̀ pé ibì kan jìn. Awakọ̀ tírélà kan lẹ́nu Pọ́ọ̀tù ní kí n wọ bọ́ọ̀sì Sapele, ó ní ó máa kù díẹ̀ kí n débẹ̀ tí yóò fi pé. Mo wọ̀ ọ́ lóòótọ́, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ń wo ilẹ̀. Mo wo ilé, mo wo igbó, mo wo oko rọ́bà, mo jẹ ẹ̀pà, mo sùn, mo jí, a kò tíì dé. Obìnrin tó jókòó tì mí béèrè ohun tí mo ń lọ ṣe ní Sapele, mo ní n kò lọ ṣe nǹkan kan, ọ̀nà ni mo wá wò. Ó rọra gbé àpò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú tí mo fi ń wò ó nìkan ló rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà o, ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀ bọ́ọ̀sì ní jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo dúró lẹ́bàá títì fún ìgbà díẹ̀, mo ń rò ó pé ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi gbé lọ sí ọsibítù nígbà kan ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin irú ọ̀nà yìí, pẹ̀lú eré. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

Nílé níbí, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ. Mo ń gbẹ́ ọkọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ fún ọ̀gá kan tó fẹ́ máa fi dẹ ẹja ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó sì ní kí n ṣe ibi tí òun máa gbé fóònù sí nínú rẹ̀, mo ń rò ó bóyá ẹja ló fẹ́ pè. Ìyá rẹ ti di púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilé wa, àti ẹja gbígbẹ sínú àpò fún ọ, torí o ní olùkọ́ yín ní kí ẹ máa jẹun dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Èyí nìkan ló yé mi nínú gbogbo ohun tí olùkọ́ náà sọ. Mo sì ti fá irùngbọ̀n mi. Ooru ni mo sọ fún àwọn èèyàn pé ó fà á, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ló ń fẹ́ láràárọ̀, àwọn èèyàn kàn ń wò mí ni.

Àbúrò mi Godwin ń kí ọ láti Ekurede. Ojú ibi tí ajá ti bù ú jẹ lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti jinná, ó ku àpá. Bóyá wọn ò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ tán. Ajá náà já ṣéènì, gbogbo àdúgbò fẹsẹ̀ fẹ ẹ, àní ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ju ọ̀pá nù ó fò wọlé. Godwin nìkan ló ń rìn. Ó ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ajá náà kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọsibítù, ó ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá fún un lábẹ́rẹ́ pé ilé àwọn kì í sáré, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kò gbà á. Bó ṣe ń pa èèwọ̀ yìí mọ́ nìyẹn láti ọdún pípẹ́, òjò ì báà máa rọ̀, bọ́ọ̀sì ì báà máa lọ, Hadassah ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú á máa tò tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ nínú òjò.

Godwin yìí náà ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ lọ sí ìjọ láti bẹ Wòlíì Stephen pé kó bá wa gbàdúrà lórí èèwọ̀ náà. Wòlíì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú èyí tó kọjá, ó dìde láàárín ìsìn, ó ní òun rí ìran. Ó ní òun rí bàbá arúgbó kan tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di okùn mú, ìdí okùn náà sì so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan. Ó ní òun kò rí ojú bàbá náà, àmọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Gbogbo ìjọ ké pé kí Ọlọ́run já okùn náà. Godwin kígbe pé bàbá ńlá wa ni. Ìyá rẹ kò ké, kò sì ṣe àmín, ó kàn yí ọrùn padà láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó sì ń wò mí. Mo fi ọwọ́ bo àgbọ̀n mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fá a.

Ìtùnú, n kò lọ bi àgbà kankan létí òkun, torí kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Kò sí èèwọ̀. Kò sí ìgbà kan tó wà rí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

O jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ọkọ̀ kan tán, mo so ó sábẹ́ afárá onípákó tó wà níwájú ilé wa, o sáré jáde láti wá wò ó, ẹsẹ̀ rẹ yọ̀, o já bọ́ sínú rẹ̀, egungun itan rẹ sì kán. Mo pọ̀n ọ́ dé ọsibítù, ẹnu mi ò lè sọ bí igbe rẹ ṣe rí. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi dì í, dókítà ní egungun ti ń so pọ̀, àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o sáré fún ọdún méjì kó lè gbó dáadáa. Ọdún méjì péré ló sọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ mú ọ dúró? A bẹ̀ ọ́, a fún ọ ní bísíkíìtì, ìyá rẹ fi pàṣán hàn ọ́, bí a bá ti mójú kúrò báyìí, o ti sá lọ. Lọ́jọ́ kan ni mo yọjú síta tí mo rí ọ lórí afárá kan náà, o ń sáré bọ̀, o ń rẹ́rìn-ín. Àyà mi já pátápátá. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ, mo ní èèwọ̀ ni, mo ní ilé wa kì í sáré láti ayé bàbá ńlá wa, mo ní ẹni tó bá sáré nínú wa, nǹkan á di í lẹ́sẹ̀ mú. O dúró gbagidi. Láti ọjọ́ náà lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọmọ gidi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó fún mi lọ́gbọ́n.

Mo ní tó bá pé ọdún méjì màá sọ òótọ́ fún ọ. Ó pé. Àmọ́ nígbà yẹn o ti sọ fún tíṣà yín, tíṣà sì ti yọ orúkọ rẹ kúrò nínú eré ìdárayá. O ti sọ fún Godwin pẹ̀lú, inú Godwin bàjẹ́ pé kí ló dé tí wọn ò sọ irú èyí fún òun láti kékeré, ó wá bi mí léèrè níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ojú tì mí láti sọ pé irọ́ ni àgbàlagbà bí èmi fi ń mú ọmọ ọdún márùn-ún dúró. Mo ní bàbá wa ló sọ ọ́ fún mi nìkan kó tó jáde láyé. Irọ́ ọdún méjì ló di ti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yìí. Ìyá rẹ kò dákẹ́ lórí rẹ̀ o, gbogbo ọdún ló máa ń rán mi létí, tí mo bá sì ní ọ̀la, á ní òun ò sí nínú rẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ ni kó wà á.

Ọjọ́ kan wà tí mo kọjá níwájú ilé ìwé yín nígbà tí wọ́n ń sáré ìdárayá. O jókòó sábẹ́ igi, o kó bàtà àwọn ẹgbẹ́ rẹ jọ síwájú, o ń ṣọ́ ọ fún wọn, o sì ń pàtẹ́wọ́. Mo rí ọ dáadáa. Mo lè wọlé lọ́jọ́ náà kí n ní dìde, ọmọ mi, lọ sáré. Mo kọjá lọ. Ó dùn mí, Ìtùnú, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ló ń dùn mí. Bàbá kì í sábà kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ọmọ, ṣùgbọ́n mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Kí o má bàa rò pé inú ìwé nìkan ni mo ti lè jẹ́wọ́, mo pe Godwin wá sílé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lẹ́yìn ìsìn. A jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí, ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá, mo ní kó kọ́kọ́ jẹun, mo rò ó pé ẹni tó yó kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Godwin gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Ó wá béèrè pé àti ọjọ́ tí òun fẹ́ lọ fún ìdánwò iṣẹ́ tí bọ́ọ̀sì ń lọ tí òun ń rìn tẹ̀ lé e? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè pé àti gbogbo òjò yẹn? Mo ní àti òjò. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi àpá hàn mí, ó ní àti ajá? Mo ní àbúrò mi, àti ajá.

Godwin dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa àjẹ̀ tí mo fi ń wa ọkọ̀ yọ níbi tó gbé wà. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún mi pé kí n sá. Ọmọ mi, mo sáré! Èmi Olúgbémi, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo ká agbádá sọ́rùn, mo sáré gba iwájú ilé wa, mo sáré gba orí afárá, Godwin ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, ó ń kígbe pé ajá, ajá. Gbogbo àdúgbò jáde. Peculiar kígbe láti ojú fèrèsé pé, “Papa, wetin dey pursue you?” Èmi tí mo ti ń fi irú ìbéèrè yẹn dà yín láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, n kò ní èémí tí mo fi lè dáhùn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé igbe ẹ̀yìn mi ti yí padà, mo bojú wẹ̀yìn, Godwin ti ju àjẹ̀ nù, ó na apá méjèèjì síta, ó ń sáré bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. A jókòó sórí pákó, a ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun ti gbàgbé pé afẹ́fẹ́ máa ń wọ èèyàn létí báyẹn tó bá ń sáré.

Ó ti dárí jì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun ò tíì parí ọ̀rọ̀ ajá. Àná ni Hadassah wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì tí kò fẹ́ wọ̀. Wòlíì Stephen ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ ìran, pé òun kàn ń bọ̀wọ̀ fún irùngbọ̀n ni.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Bá mi fi owó ọkọ̀ Èkó ránṣẹ́ fún èèyàn méjì, àlọ àti àbọ̀, sí àkáǹtì Peculiar, torí pé báǹkì tèmi tún ti ní kí n wá fi ojú hàn wọ́n, bí ẹni pé ojú mi ló jẹ wọ́n lówó. Ra bàtà kánfáàsì kan fún Godwin, kò ní kí n sọ ọ́, àmọ́ ó ti wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí páálí, mo fi páálí náà sínú àpò púpurú. Ìyá rẹ kò béèrè nǹkan kan, ó ní òun máa dúró ṣọ́ ilé, ó sì ní tí o bá parí eré, ìwọ ni kí o pe òun fúnra rẹ, kì í ṣe àwọn onífọ́ọ̀mù.

Ọlọ́run tó ń so egungun pọ̀ ti so tìrẹ tipẹ́, kò ní í tú mọ́. Ojú ọ̀nà á rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, oòrùn kò ní í pa ọ́ lọ́sàn-án, o kò ní í fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, wàá sì bá ayọ̀ níbi tí o ń lọ. Egungun rẹ ti gbó láti ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje. Jẹ oúnjẹ tí olùkọ́ yín ní kí o jẹ, òun ló gbà. Ejò tó ń lé ọ, èmi ni mo sìn ín, mo sì ti pa á.

Peculiar ti bá mi wo àwòrán ọ̀nà eré yín, ó fi ìka tọ́ ibi tí kílómítà ọgbọ̀n wà. Ibẹ̀ ni èmi àti Godwin máa dúró sí láti àárọ̀. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré o kì í rí mi kí o má kúnlẹ̀, ì báà jẹ́ pé o ru omi. Lọ́jọ́ náà, bí o bá rí bàbá kan tí kò ní irùngbọ̀n tó ń kígbe orúkọ rẹ, mo bẹ̀ ọ́, má kúnlẹ̀, má kí mi, má dúró. Sáré kọjá lára bàbá rẹ.

Èmi ni,
Olúgbémi bàbá rẹ.